AC ń di yìnyín, kò sì tutù mọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ AC yàrá wa. Irú èyí tí apá kan wà lára ògiri nínú ilé, tí apá kejì wà níta ni. Tí a bá tàn án, á kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn tútù. Tó bá pẹ́ díẹ̀, atẹ́gùn náà á máa dín kù, á máa dín kù, títí a ò fi ní mọ nǹkan kan lára mọ́, bẹ́ẹ̀ a ṣì ń gbọ́ tó ń dún. Nígbà tí mo ṣí ojú rẹ̀ sókè, yìnyín funfun ni mo bá níbẹ̀, ó ti dì bo gbogbo inú rẹ̀. Tí a bá wá pa á, omi á máa ṣàn sára ògiri.

Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe sọ pé gáàsì ló tán. Ó fi sí i. Kò pẹ́ rárá tí yìnyín tún fi dé. Ó tún ti ń sọ báyìí pé ká fi òmíràn sí i, ọkàn mi ò sì gbà á mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni gáàsì máa ń tán bẹ́ẹ̀? Kí ni èmi fúnra mi lè yẹ̀ wò kí n tó tún pe ẹnikẹ́ni?

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira. Ẹ má ṣe jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú yìnyín lára, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù báyìí. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ yí i kúrò ní COOL sí FAN, kí ẹ gbé fáànù rẹ̀ sí ibi tó ti lágbára jù. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó wà níta tó ń fún gáàsì pọ̀, á dákẹ́, atẹ́gùn yàrá nìkan ni á máa gba ara yìnyín náà kọjá, á sì yọ́ ọ. Ó lè gba wákàtí kan, ó sì lè gba gbogbo òru tí yìnyín náà bá nípọn. Tí kò bá sí FAN lórí rìmóòtù yín, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sísàlẹ̀, kí ẹ gbé báàfù síbẹ̀, torí omi tí yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ ju èyí tí ọpọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ lè gbà lọ. Ohun tó ń ṣàn sára ògiri yín nìyẹn.

Ẹ má fi ọ̀bẹ ha yìnyín náà o, ẹ má sì fi ṣúkúdíráfà gún un. Àwọn ewé álúmíníọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, páìpù bàbà tó gba àárín wọn kọjá kò sì nípọn. Tí ihò kan ṣoṣo bá lu níbẹ̀, gbogbo gáàsì á jáde, kọ́ìlì (àwọn páìpù àti ewé yẹn lápapọ̀) tuntun lẹ ó sì máa wá kiri.

Ìdí tí mo fi ń kánjú lórí pípa rẹ̀ ni pé gáàsì náà, tó máa ń wọ inú kọ́ìlì ní omi, gbọ́dọ̀ ti hó tán kó tó dé ọ̀dọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Tí yìnyín bá bo kọ́ìlì, kò ní rí ooru tí yóò fi hó, á wá máa padà síta nígbà tó ṣì wà ní omi. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè fún gáàsì pọ̀, kò lè fún omi. Báyìí ni AC tó jẹ́ pé ìdọ̀tí lásán ló ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣe ń di AC tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kú.

Ayálégbé

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé àwa tí a ò mọ iṣẹ́ yìí. Báwo ni AC tí gáàsì rẹ̀ kò tó á ṣe di yìnyín? Ṣebí ṣe ló yẹ kó máa gbóná?

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń dàrú níbẹ̀.

Gáàsì inú AC kì í jó bí epo ọkọ̀ ṣe ń jó. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po: á di omi níta, á padà hó di gáàsì nínú ilé. Híhó tó ń hó nínú kọ́ìlì ti inú ilé ló fi ń fa ooru lára atẹ́gùn yàrá. Bí pírẹ́ṣọ̀ inú kọ́ìlì (agbára tí gáàsì fi ń ti ara páìpù) bá ṣe lọ sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tó ti ń hó á ṣe tutù tó. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, kọ́ìlì yẹn á wà láàárín bíi 4°C sí 10°C. Omi inú atẹ́gùn á sẹ̀ sára rẹ̀, á kán sínú ọpọ́n, á sì gba páìpù omi jáde. Kò ní dì.

Tí gáàsì bá jò, pírẹ́ṣọ̀ á wálẹ̀, ìwọ̀nba gáàsì tó kù á wá máa hó níbi tó tutù ju 0°C lọ, nítorí náà omi tó bá sẹ̀ síbẹ̀ á dì. Ṣùgbọ́n tí gáàsì bá pé, tó wá jẹ́ pé atẹ́gùn tó ń gba ara kọ́ìlì kọjá ni kò tó, kọ́ìlì kò ní rí ooru gbà, òun náà á sì tutù kọjá 0°C. Ọ̀nà méjì ni, ibì kan náà ni wọ́n sì já sí. Yìnyín tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ń ṣe bí aṣọ òtútù tí wọ́n fi we kọ́ìlì: kò jẹ́ kí ooru wọlé, kò jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, òmíràn á tún dì lé e lórí.

Ìdí nìyí tí n kì í fi gbà kí ẹnikẹ́ni rí yìnyín kó sì pariwo gáàsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ atẹ́gùn.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò

Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá sọ. Fílítà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ ṣí ojú AC náà sókè, ẹ ó rí àwọ̀n méjì tó ń yọ bọ́rọ́. Ẹ gbé e sókè sí ojú ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ kò bá ríran la inú rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn náà kò rí ibi gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti da omi lù ú, kì í ṣe iwájú tí eruku wà, kí omi lè ti eruku náà jáde dípò kó tún tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ọṣẹ díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má lo omi gbígbóná, ó ń jẹ́ kó wọ́. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà, torí eruku tètè ń lẹ̀ mọ́ èyí tó bá tutù.

Níbi tí eruku bá pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó dáa kí èèyàn máa fọ̀ ọ́. Tí ẹran ọ̀sìn tí irun rẹ̀ ń já bá wà nínú ilé, tàbí tí wọ́n ń kọ́lé nítòsí, ẹ má tilẹ̀ dúró dìgbà yẹn.

Ẹ tún wo ohun tó wà lókè AC náà àti iwájú rẹ̀. Òkè ni ọ̀pọ̀ irú AC ara ògiri ti ń fa atẹ́gùn wọlé. Ẹ má kó ẹrù lé e, ẹ má sì jẹ́ kí kọ́tìnì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù dí i lójú.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé e sí FAN, ó ń yọ́ báyìí. Ní ti fílítà, a máa ń fọ̀ ọ́ déédéé, mo sì tún yọ ọ́ wò lẹ́yìn tí mo ka ohun tí ẹ kọ: ó mọ́. Kò sí ẹrù lókè rẹ̀, kò sí kọ́tìnì níwájú rẹ̀. Ṣé gáàsì náà ni nígbà náà?

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Ẹ dúró ná, a ò tíì débẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn: tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kí yìnyín kankan tó dé, ṣé atẹ́gùn rẹ̀ ṣì lágbára bíi tìgbà tó wà ní tuntun? Ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró lápá kejì yàrá?

Ìyá Ìbejì

Háà, ọ̀gá, rárá o. Ó ti pẹ́ tí kò ti dé ibẹ̀ mọ́. Èèyàn ní láti súnmọ́ ọn. A rò pé bí ọjọ́ ṣe ń lọ ló fi rẹ̀ ẹ́ ni.

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Ó dáa. Ó ní ibì kan tí fílítà kò lè dáàbò bò tán, àwọn tó ń fọ AC lóréfèé kì í sì í débẹ̀: wíìlì fáànù. Ẹ pa iná AC náà láti orísun rẹ̀, kì í ṣe rìmóòtù nìkan. Ẹ fi ìka ti ewé tó ń darí atẹ́gùn sísàlẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ẹ ó rí nǹkan róbótó gígùn kan tó dùbúlẹ̀ láti òpin kan sí ìkejì, tí ewé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yí ara rẹ̀ ká. Ewé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀, kòtò yẹn ló fi ń bu atẹ́gùn. Ẹ rọra fi ìka yí i, kí ẹ wo inú kòtò náà. Tí eruku dúdú bá ti kún un pẹrẹsẹ, tí ẹ kò rí kòtò mọ́, wíìlì náà á máa yí, á máa dún, kò kàn ní bu nǹkan kan ni. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ẹ ṣì ń gbọ́ tó ń dún. Èyí ló ń ṣe mí bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú kọ́ìlì fúnra rẹ̀. Tí èérí bá ti dí àárín àwọn ewé álúmíníọ̀mù náà, búrọ́ṣì tó rọ̀ ni kí ẹ lò, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí àwọn ewé náà ṣe dúró, ẹ má fà á níbùú torí wọ́n á tẹ̀. Ojú kọ́ìlì, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Wíìlì fáànù, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fọ̀ ọ́, torí omi kò gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀dù iná tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ̀nà tí a fi ń dá àìtó atẹ́gùn mọ̀ yàtọ̀ sí àìtó gáàsì, ẹ̀yin yòókù náà lè lò ó. Tí yìnyín bá ti yọ́ tán, tí gbogbo rẹ̀ sì gbẹ, ẹ tún tàn án sí COOL. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, ẹ ṣí ojú rẹ̀ wò kí yìnyín tó pọ̀ bo gbogbo ẹ̀rí. Tí ó bá jẹ́ pé igun kan nínú kọ́ìlì, níbi tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ti wọlé, ni ó ń funfun, tí ìyókù kọ́ìlì náà kàn gbẹ tí kò sì tutù, gáàsì ló dín. Gbogbo rẹ̀ ti hó tán níbi tó ti wọlé, kò sí èyí tó dé ìyókù. Tí ó bá jẹ́ pé gbogbo ojú kọ́ìlì tutù bákan náà, tí yìnyín sì ń yọ káàkiri, atẹ́gùn ni.

Níta náà, páìpù méjì ló wọnú rẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan nípọn. Nígbà tí AC bá ń mú ilé tutù, tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan bá ń di yìnyín níbi nọ́ọ̀tì rẹ̀, tí èyí tó nípọn sì gbẹ, ẹ fura sí àìtó gáàsì. Tí ó bá jẹ́ èyí tó nípọn ni yìnyín bò, gáàsì tí kò tíì hó tán ló ń padà: ó lè jẹ́ atẹ́gùn ni kò tó nínú ilé, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti pọ̀ jù.

Oníṣẹ́ Iná

Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un, torí àwọn kan wà tí fílítà mọ́, tí wíìlì mọ́, tí gáàsì pé, tí yìnyín ò sì yé dé.

Ẹ wo kapásítọ̀ fáànù ti inú ilé (ohun tó ń tọ́jú iná, tó ń ran fáànù lọ́wọ́ láti yí), lára àwọn tó ní in. Kékeré ni, bíi 1 sí 2 microfarad lára ọ̀pọ̀ wọn. Tí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára lọ, fáànù á máa yí jẹ́jẹ́, onílé kò sì ní mọ̀ torí pé ó ṣáà ń yí. Iná tí kò lágbára náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fáànù. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa iná kó má fọwọ́ kan kapásítọ̀ o, pàápàá èyí tó tóbi níta. Ó lè mú iná dání lẹ́yìn tí ẹ ti pa AC.

Ìkejì ni sẹ́ńsọ̀ kékeré tí wọ́n kì bọ inú ihò kan lára páìpù kọ́ìlì. Òun ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù bí kọ́ìlì ṣe tutù tó, kí bọ́ọ̀dù lè dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró kí yìnyín tó dé. Ó máa ń yọ kúrò ní àyè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ AC, ẹni tó fọ̀ ọ́ kò sì ní rántí láti kì í bọ ihò náà padà. Ó wá so rọ̀ sínú atẹ́gùn, ó ń sọ fún bọ́ọ̀dù pé kọ́ìlì kò tíì tutù. Ẹ wò ó dáadáa. Tí ó bá wà ní àyè rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú mítà: irú èyí tó wọ́pọ̀ máa ń wà ní 5 tàbí 10 kilo-ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó) ní 25°C, ìwé AC yín ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Tí ẹ bá tì í bọ inú omi oníyìnyín, iye yẹn gbọ́dọ̀ gòkè tó bíi ìlọ́po mẹ́ta. Tí kò bá yí padà, ó ti kú.

Ayálégbé

Tèmi máa ń ṣe é lóru nìkan. Lọ́sàn-án kò sí wàhálà kankan. Mo máa ń gbé e sí 16°C, kí n dín fáànù kù kó má baà pariwo, kí n sì sùn.

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Àbúrò, 16°C pẹ̀lú fáànù tó kéré jù, ní òru tí ìta fúnra rẹ̀ ti tutù, ohun mẹ́ta ni ẹ kó pọ̀ yẹn, gbogbo wọn ló sì ń fa kọ́ìlì sísàlẹ̀. Atẹ́gùn kéré, ooru yàrá kéré, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò sì ní sinmi torí yàrá náà kò ní dé 16°C. Ẹ gbé e sí 24°C tàbí 25°C, kí ẹ fi fáànù sí AUTO tàbí àárín. Tí yìnyín bá tún dé lórí ìyẹn, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ohun mìíràn. DRY náà máa ń dín fáànù kù, ẹ má fi sùn mọ́jú títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń ṣe é.

Akọ́ṣẹ́

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń tutù, tí á dákẹ́ láìtutù, tí á tún padà tutù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sí yìnyín kankan lójú kọ́ìlì rẹ̀.

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Ìbéèrè akọ́ṣẹ́ tó lójú lára nìyẹn. Omi ló wà nínú páìpù, níbi tí kò yẹ kí omi dé. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó so AC náà kò lo fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa atẹ́gùn àti omi jáde nínú páìpù. Omi yẹn á dì ní ẹnu páìpù tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá, á dí i, géèjì tí a fi ń wọn pírẹ́ṣọ̀ á já wálẹ̀ lójú yín. Tí AC bá sinmi, yìnyín inú ibẹ̀ á yọ́, gbogbo nǹkan á tún lọ déédéé fún ìgbà díẹ̀. Fífi gáàsì kún un kò wo èyí sàn. Ẹ fa gáàsì náà jáde sínú sílíńdà, ẹ pààrọ̀ agbomi inú páìpù, ẹ fi fákúùmù fà á títí géèjì á fi wálẹ̀ sí 500 micron (ìwọ̀n bí inú páìpù ṣe ṣófo tó) tí kò sì ní gòkè padà, kí ẹ tó fi gáàsì sí i.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀gá, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Nígbà tí ẹni tó tún un ṣe wá, yìnyín ṣì wà lára rẹ̀. Ó so géèjì mọ́ ọn níta, ó fi hàn wá pé ó ti lọ sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ ká gbà pé gáàsì tán nìyẹn, a fojú rí i. Ṣé géèjì náà parọ́ ni?

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Géèjì kò parọ́. Ìgbà tí wọ́n kà á ni kò tọ́.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ síbí, torí owó àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ọ̀pọ̀ ilé ló ń bá a lọ. Nígbà tí yìnyín bá bo kọ́ìlì, gáàsì inú rẹ̀ kò rí ooru gbà, pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì pé pérépéré. Irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-22, tó bá wà ní 0°C, á fi nǹkan bíi 58 psi (ìwọ̀n pírẹ́ṣọ̀) hàn lórí géèjì. R-410A á fi bíi 101 psi hàn, R-32 kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá so géèjì mọ́ AC oníyìnyín á rí iye tó wà lábẹ́ ìwọ̀nyẹn, á sì ní gáàsì ti lọ. Á fi sí i. Géèjì á gòkè díẹ̀, inú gbogbo èèyàn á dùn. Nígbà tí yìnyín bá wá yọ́, gáàsì tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fẹ́ lọ. Páìpù ìta á máa gbóná jù, iná tó ń jẹ á pọ̀ sí i, gáàsì tí kò tíì hó á sì máa padà sọ́dọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ìdọ̀tí tó fa yìnyín náà ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, kò sí géèjì lórí AC oníyìnyín. Kó yọ́ tán, kó gbẹ, kí ẹ fọ fílítà, wíìlì àti kọ́ìlì, kí ó ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gáàsì. Ẹ tún lè fi tẹmọ́mítà wọn atẹ́gùn tó ń wọlé lókè àti èyí tó ń jáde nísàlẹ̀. Tí ìyàtọ̀ wọn bá wà láàárín bíi 8°C sí 12°C, AC náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́: gáàsì kì í tán. Tó bá dín, ó jò ni, tàbí kí wọ́n má ti fi í sí i tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi kún un gbọ́dọ̀ fi ibi tó ti ń jò hàn yín. Nọ́ọ̀tì tó so páìpù pọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: òróró inú rẹ̀ máa ń bá gáàsì jáde, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ á dúdú, á máa dán. Ẹ fi ìhó ọṣẹ pa á, ibi tó ń jò á máa yọ ìtọ́-ọṣẹ. Tí kò bá hàn síta, wọ́n á fi náítírójìn tẹ inú páìpù náà láti wá a. Nígbà tí wọ́n bá dí i tán, fákúùmù ló kàn, lẹ́yìn náà ni gáàsì, lórí òṣùwọ̀n. Iye rẹ̀ wà ní gíráàmù lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ti ìta, pẹ̀lú orúkọ irú gáàsì tó ń lò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi R-410A sínú ti R-22, pírẹ́ṣọ̀ wọn jìnnà síra. R-32 lè gbiná, nítorí náà kò sí iná, kò sí sìgá nítòsí. Kí wọ́n má sì tú gáàsì sáfẹ́fẹ́: R-22 ń ba òsónù tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, òun wà lára àwọn tí Àdéhùn Montreal ti 1987, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè láti dáàbò bo òsónù, ń lé kúrò nílẹ̀, àwọn méjì yòókù sì ń mú kí ayé gbóná sí i.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò

Èyí tí wọ́n ń gbé sójú fèrèsé ńkọ́, ọ̀gá?

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Ọ̀nà kan náà ni. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti jó gbogbo páìpù rẹ̀ pọ̀, kò ní nọ́ọ̀tì tó lè jò, nítorí náà ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tún ṣeé ṣe jù lọ fún un. Ẹni tí AC rẹ̀ lè mú ilé gbóná nígbà òtútù kó mọ̀ pé yìnyín lára apá ti ìta, nígbà tó bá ń mú ilé gbóná, kò burú: á dá ara rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti yọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo pe ẹlòmíràn, mo sì ka ohun tí ẹ kọ sí i létí kó tó tú nǹkan kan. Ó gbà láì jiyàn. Bó ṣe fa wíìlì fáànù náà jáde, gbogbo wa la ya ẹnu. Eruku ti dì sínú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó dúdú, ó rin, ó ń rùn. Èyí tó já bọ́ sínú báàfù nígbà tó fọ̀ ọ́ pọ̀ débi pé omi náà dà bí ẹrẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ wà ní àyè rẹ̀. Kò sí ibi tó ń jò, ó fi ọṣẹ pa gbogbo nọ́ọ̀tì níṣojú mi. Lẹ́yìn náà ló fa gáàsì náà jáde sórí òṣùwọ̀n: ó pọ̀ ju iye tó wà lára bébà náà lọ. Ó fi fákúùmù fà á, ó wá fi gáàsì tuntun sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Atẹ́gùn rẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lápá kejì yàrá báyìí. A ti lò ó mọ́jú, mo ṣí ojú rẹ̀ wò láàárọ̀, omi lásán ló wà lára kọ́ìlì. Mo ti kọ orúkọ gáàsì náà àti iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà mélòó ló yẹ kí wọ́n máa fọ wíìlì yẹn?

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Inú mi dùn gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó fún yàrá tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Tí ó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ń tàn án, tàbí tí eruku pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ń fọ fílítà. Ní ọjọ́ tí ẹ kò bá rí kòtò inú ewé náà mọ́, ẹ pe oníṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń tutù.

Akọ́ṣẹ́

Ọ̀gá, tí mo bá ń kì sẹ́ńsọ̀ padà lẹ́yìn fífọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó wọlé tó?

Oníṣẹ́ Amúlétutù

Orí rẹ̀ tó jẹ́ irin gbọ́dọ̀ wọ inú ihò náà tán, kí irin pẹlẹbẹ kékeré tó mú un dání sì fún un dáadáa. Rọra fa wáyà rẹ̀ wò. Tí ó bá ń yọ bọ́, tẹ irin pẹlẹbẹ náà díẹ̀ kó tún le, kí o tó dé ojú AC náà padà.